Aṣọ Mínísítà àti Súfèé Àwọn Aṣòfin

Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 2012, Cécile Duflot, mínísítà ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ní ilẹ̀ Faransé, dìde láti dáhùn ìbéèrè ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Aṣọ búlúù òun funfun olódòdó ló wọ̀. Kó tó sọ gbólóhùn kan, súfèé ti sọ láàrin àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ alátakò. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin. Patrick Balkany, aṣòfin alátakò, ní bóyá ó wọ aṣọ náà kí a má baà fetí sí ohun tó fẹ́ sọ.

Bẹ́ẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ṣòkòtò jíìnsì tó wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn mínísítà ni wọ́n bá a wí lé. Èwo ni kó wá wọ̀? Ìbéèrè tó dìde láti dáhùn ńkọ́, ta ló tún rántí rẹ̀?

Ní Benin, òfin ìdìbò ọdún 2019 ya ìjókòó 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú 109 tó wà ní Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ìpolongo, gèlè rẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń lọ bá. Agbádá ọkùnrin tó tẹ̀lé e ìbáà gbó, kò sẹ́ni tó wò ó. Ẹni tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀nà, ìròyìn gèlè ló gbé lọ sílé.