Kí A Gbọ́ Ohùn Ìyá Kí Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Tó Pé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa,

Bí a bá rí aboyún, àdúrà wa ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Ó yẹ kí a ti máa gbọ́ ohùn ìyá nígbà tí oyún ṣì wà nínú.

Àìsàn kan wà tí kì í mú ẹsẹ̀ wú, tí kì í mú ara gbóná: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, bí aboyún 16 nínú 100 ni àìsàn ọkàn ń bá jà. Lẹ́yìn ìbímọ, ó tó 20. Àìrówóná wà lára ohun tó ń fà á: owó ilé tó ti pé, ọkọ tí kò níṣẹ́ tàbí tó ń lu ìyàwó, àti kí èèyàn máa gbé Ìkọ̀tún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá láìní ẹbí nítòsí.

Àmì rẹ̀ nìyí: fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, inú aboyún kò dùn, kò rí oorun sùn bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, oúnjẹ kò wù ú, ọjà títà sú u, ó ń pe ara rẹ̀ ní aláìwúlò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pa ìtọ́jú oyún tì, ọmọ sì lè wá kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Ẹ má ṣe bi í pé, "Ṣé ìwọ nìkan ló lóyún ni?" Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìlera tó ti ń gba ìtọ́jú. Àìsàn náà gbóògùn. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé bí a ti ń tọ́jú irú aboyún bẹ́ẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti bọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí ọmọ fi pé oṣù 6.

Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ gbé e lọ sí Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Aboyún tí kò wá sípàdé lẹ́ẹ̀mejì, tí owó tó yá sì ń falẹ̀, a máa ń tètè pè é ní ajẹgbèsè. Kí a tó bu owó ìtanràn lé e, ẹ jẹ́ kí obìnrin méjì nínú wa kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ wò nílé. Bí a bá sún ọjọ́ ìsanwó síwájú fún un, owó ẹgbẹ́ kò sọnù. Bí ìyá bá sọnù, kò sí onídùúró tó lè san án padà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́