Ìpàtẹ Àṣà ní Ilé-Ìkàwé Yunifásítì: Henry Carr àti Herbert Macaulay Lábẹ́ Òrùlé Kan

Ìfáàrà

Ẹni tí kò bá pátẹ ọjà rẹ̀ kò lè retí oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì rí. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ tó jẹ mọ́ Yorùbá kò sí lórí pẹpẹ tí ọwọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lè tó. Inú àpótí ni wọ́n wà, nínú yàrá tí wọ́n ń tì pa, ẹni tó bá sì ti mọ ohun tó ń wá nìkan ló máa ń béèrè wọn. Ìpàtẹ ni ọ̀nà tí ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń bọ́ sí gbangba. Iṣẹ́ yìí fi Ilé-Ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ láti fi hàn pé ìpàtẹ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ọjọ́ ayẹyẹ lásán. Ẹ̀rí ló ń gbé kalẹ̀, olùwòran sì ni adájọ́.

Àkójọ Ìwé Àwọn Alátakò Méjì

Ọdún 1948 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Lára ohun tí ilé-ìkàwé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ni ìwé Henry Carr, ọ̀mọ̀wé ará Èkó tó kú ní 1945. Ìwé tó kó jọ tó nǹkan bí 18,000, ìjọba ló sì rà wọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ilé-ìkàwé yìí kan náà ni àwọn ìwé Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, wà. Ọdún 1946 ni òun kú.

Ní ayé wọn, àwọn méjèèjì kì í rẹ́. Carr di Rẹ́sídẹ́ǹtì Èkó ní 1918, ipò tó ga púpọ̀ fún ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ nígbà náà. Macaulay ní tirẹ̀ ń gbè lẹ́yìn ọba Èkó, Èṣùgbàyí Elékòó. Ní 1920, ó bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ ọba dání. Ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwa láre. Ní 1924, Macaulay tẹ ìwé pélébé kan tó fi pè fún kí Carr kúrò nípò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba yọ Elékòó lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ló tó padà sí Èkó.

Tí wọ́n bá pátẹ ti Macaulay nìkan, olùwòran yóò ka Carr sí ọ̀dàlẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ti Carr nìkan ni wọ́n pátẹ, Macaulay yóò dà bí oníjàngbọ̀n. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìpàtẹ tó péye ni èyí tó gbé ìwé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí olùwòran lè rí i pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí oníkálukú wọn fi lo ìmọ̀ ìwé fún Èkó.

Ọ̀nà Ìpàtẹ

Ìmọ́lẹ̀ a máa pa tàdáwà rẹ́, ọ̀rinrin a máa ba ìwé jẹ́, ikán kò sì mọ ìwé iyebíye yàtọ̀. Nítorí náà, wọn kì í fi ojúlówó ìwé sílẹ̀ nínú àpótí onídígí fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀dà ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá sì di dandan kí ojúlówó wà níbẹ̀, wọ́n á dín ìmọ́lẹ̀ kù, wọ́n á sì máa ṣí ojú ewé mìíràn láti ìgbà dé ìgbà.

Àlàyé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìwé ni ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kó sọ ẹni tó kọ ọ́, ìgbà tó kọ ọ́ àti bí ó ṣe dé ilé-ìkàwé. Bí àlàyé bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ọmọ ìdílé tí wọ́n jà lórí ilẹ̀ rẹ̀ lè dúró níwájú ìwé bàbá ńlá rẹ̀ kó má mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Àlàyé Yorùbá tí àmì ohùn rẹ̀ pé ni yóò ṣí ojú rẹ̀.

Ìwé kì í sọ̀rọ̀, àṣà Yorùbá sì jẹ́ àṣà ohùn. Ibẹ̀ ni ètò ọjọ́ ìṣípàtẹ ti wúlò. Tí wọ́n bá pe akéwì, onírárà àti àwọn àgbà ìdílé tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n á mú ìtàn tí ìwé kò kọ wá. Ó yẹ kí ilé-ìkàwé gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kó sì fi kún àkójọ. Ohun tó bá jẹ́ awo nínú ọ̀rọ̀ wọn kò yẹ ní pípàtẹ láìgba àṣẹ àwọn onílé.

Ìgúnlẹ̀

Carr àti Macaulay kò fohùn ṣọ̀kan láyé, àmọ́ òrùlé kan ló bo ìwé wọn lónìí. Iṣẹ́ ìpàtẹ kì í ṣe láti parí ìjà wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ọmọ Yorùbá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ní èdè rẹ̀, kó tó dájọ́.