Ẹ Má Jẹ́ Kí Wòlímọ̀ Di Òpin Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ará wa, Mùsùlùmí òdodo ní Ifọ̀, ní Ìbafò àti ní Mowé, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, owó yín ni a fi ń san owó kéwú, ẹ̀yin náà lẹ sì ń pa màlúù wòlímọ̀. Ọ̀rọ̀ òní kàn yín, ṣùgbọ́n ó kan àwa àáfà jù yín lọ.

Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é. Ọmọ ka Kùránì tán, a wé láwàní fún un, ará àdúgbò jẹ, wọ́n mu. Ní ọjọ́ kejì, wàláà ti wọ àjà. A mú ọkùnrin lọ kọ́ṣẹ́, a gbé igbá ọjà fún obìnrin. Ìyá kan ní ọjà Ifọ̀ bi mí pé, “Àáfà, ọmọ mi ti parí Kùránì, kí ló tún kù?” Mo ní, “Ìyá, ó ti mọ̀ ọ́n kà ni, kò tíì mọ ohun tí ó ń kà.” Ẹnu yà á, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún un rí.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà. Ní Mowé àti Ìbafò, ọ̀pọ̀ òbí ń lọ sí Èkó ní ìdájí, ilẹ̀ a ṣú kí wọ́n tó dé. Olùkọ́ ni ojú wọn. Bí olùkọ́ kò bá sọ pé nahawu, hadiisi àti fikihi ṣì wà níwájú, ta ni yóò sọ ọ́?

Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, iyì tiwa dínkù. Ẹ wo Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory, tí a bí ní 1917, tí ó sì kú ní 1992. Ó kàwé lọ́dọ̀ Sheikh Salih Esinniobiwa ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ Sheikh Umar Agbaji, àti lọ́dọ̀ Sheikh Adam Namaji, ará Kano. Ní 1952 ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1955 ó gbé e lọ sí Agége. Ifọ̀ yìí wà láàrin ìlú méjèèjì, lójú ọ̀nà rélùwéè. Àwọn ọmọ Markaz dá ilé kéwú sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn mìíràn sì kàwé dé Al-Azhar ní Íjíbítì. Títí di òní, a ṣì ń dárúkọ àwọn olùkọ́ Sheikh náà. Iyì wọn kò dínkù.

Ànábì Músá pàápàá rin ìrìn àjò láti wá ìmọ̀ kún ìmọ̀, bí Súrà Kahfi ti sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin àáfà ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó dá ọjọ́ wòlímọ̀, ẹ jẹ́ kí a pe òbí, kí a sọ ìwé tí ó kàn fún wọn. Bí ìmọ̀ wa kò bá gbé ọmọ náà mọ́, kí a kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́ sí ẹni tí ó jù wá lọ. Èyí tí ó wà ní ilé-ìwé gíga, kí a jẹ́ kí ó mọ̀ pé a ń kọ́ èdè Lárúbáwá ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin títí a fi ń di ọ̀mọ̀wé.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó màlúù, ẹ fi ra ìwé. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lè wá kéwú lẹ́yìn ìrun Mọ̀ǹgàríbà. Ẹni tí ó bá gba owó òwò, tí ó tì í mọ́ àpótí, kò tíì ṣòwò.

Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ àwọn ọmọ wa. Àmín.