Gremi: Ilé Ọba Tó Jó

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi tọ́ ọmọ. Nígbà tí mo lọ kí èyí tó ń kọ́ ìṣègùn ní Tbilisi, ní orílẹ̀-èdè Georgia, ó mú mi lọ sí Gremi ní ilẹ̀ Kakheti. Òun ń wo òkè tó yí wa ká. Èmi ń wo bíríkì.

Orí òkè kékeré kan ni ṣọ́ọ̀ṣì Gremi wà, odi yí i ká, ilé gogoro tí ọba ń gbé láyé àtijọ́ sì dúró tì í. Bíríkì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi iná sun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró ni àwọn ihò bíi fèrèsé tí wọ́n ṣe sára ògiri: orí wọn ṣe ṣóńṣó, bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní Páṣíà, tí à ń pè ní Ìránì lónìí. Nínú ọgbà náà, wọ́n ri ìkòkò wáìnì mọ́lẹ̀ débi ọrùn. Àmù omi ìyá mi ni mo rántí.

Levan, ọba Kakheti, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní 1565. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ọgbọ́n wà lórí ọba yìí: ó ń júbà fún ọba Páṣíà, Gremi, ìlú rẹ̀, sì ń rójú ṣòwò ṣẹ́dà. Ìlú náà tó 40 hẹ́kítà, pẹ̀lú ọjà, ilé ìwẹ̀ àti ilé tí àwọn oníṣòwò ń wọ̀ sí.

Nígbà tí Teimuraz, ọmọ-ọmọ-ọmọ Levan, gorí oyè, àárín òun àti Shah Abbas, ọba Páṣíà, dàrú. Ní 1615, àwọn ọmọ ogun Shah Abbas sọ Gremi di ahoro. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ará Kakheti lẹ́rú lọ sí Páṣíà. Àrọ́mọdọ́mọ wọn wà ní Fereydunshahr títí dòní, èdè Georgia kò sì tíì kúrò lẹ́nu wọn.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un. Ti Gremi kò rí bẹ́ẹ̀: Telavi ni àwọn ọba kó lọ, wọn kò padà wá.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, mo tún bojú wẹ̀yìn. Ṣóńṣó tí wọ́n wò lára ilé àwọn ará Páṣíà ṣì dúró gbọn-in lókè. Ọjà tí àwọn ará Páṣíà bà jẹ́ nísàlẹ̀, koríko ló bò ó.