Ọ̀gbẹ̀rì Nínú Ọ̀gbun Odò

Eré ìdárayá kan wà tí ó gbajúmọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olókè ní Yúróòpù, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní canyoning. Odò tí ó ti orí òkè ṣàn wá, tí ó sì ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún gbẹ́ ọ̀nà tóóró sí àárín àpáta, ni àwọn olùdárayá máa ń tọ̀ sọ̀kalẹ̀. Níbi tí omi kò bá jìn, wọn a fi ẹsẹ̀ rìn. Níbi tí ó bá jìn, wọn a lúwẹ̀ẹ́. Níbi tí àpáta bá dán, wọn a fi ìdí yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Níbi tí omi bá sì ti ń já láti òkè, wọn a bẹ́ sínú ibú, tàbí kí wọ́n di okùn mú sọ̀kalẹ̀.

Ní ọdún 1905 ni Édouard-Alfred Martel, ará Faransé tí ó fi ìwádìí inú ihò ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ la ọ̀gbun odò Verdon kọjá. Ìwádìí ni ó gbé wọn débẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ wá di fàájì. Lóde òní, ìlú Interlaken ní ilẹ̀ Switzerland, tí ó wà láàárín adágún Thun àti adágún Brienz, wà lára ibi tí àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń kọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìmúra

Orí ilẹ̀ ni ọjọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Amọ̀nà yóò béèrè lọ́wọ́ ọ̀gbẹ̀rì bóyá ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, bóyá ó ní àìsàn ọkàn tàbí ti èémí. Ẹni tí ó bá fi àìsàn pamọ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wéwu.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fún un ní aṣọ rọ́bà nínípọn tí ó lẹ̀ mọ́ ara pinpin, nítorí pé omi yìnyín tí ó yọ́ wà nínú àwọn odò òkè Alps, òtútù rẹ̀ a sì máa wọ egungun kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣọ náà kò dí omi lọ́nà pátápátá. Ìwọ̀nba omi tí ó bá há sáàárín òun àti ara ni ara yóò mú lọ́ wọ́ọ́rọ́. Akoto wà fún orí nítorí òkúta tí ó lè já bọ́. Ìgbànú ààbò tí ó gba ìbàdí àti itan méjèèjì ni wọ́n ń so mọ́ okùn. Bí adẹ́mu ti gbẹ́kẹ̀ lé igbà rẹ̀ ni ẹni tí ó wà lórí okùn gbẹ́kẹ̀ lé ìgbànú yìí. Ìdí nìyí tí amọ̀nà fi gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ti olúkúlùkù wò.

Nínú Ọ̀gbun

Ariwo omi kì í jẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ohùn ẹnì kejì, nítorí náà fèrè àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá kan bíbẹ́ sómi, ẹsẹ̀ ni yóò ṣíwájú, kì í ṣe orí. Bí ó bá kan yíyọ̀, ọ̀gbẹ̀rì yóò fẹ̀yìn lélẹ̀, yóò pa ẹsẹ̀ pọ̀, yóò sì ká ọwọ́ mọ́ àyà, nítorí pé ìgbọ̀nwọ́ tí ó bá yọ síta lè kọ lu àpáta. Bí ó bá kan okùn, yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ojú àpáta, yóò sì fara sẹ́yìn bí ẹni tí ó fẹ́ jókòó. Èyí ṣòro púpọ̀ fún ọ̀gbẹ̀rì. Ẹ̀rù a máa sọ fún un pé kí ó dì mọ́ àpáta, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá dì mọ́ ọn gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀.

Ibú tí ó jìn lánàá lè má jìn lónìí, torí ìkún omi kan lè gbé òkúta tàbí ìtì igi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Amọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá sì já kò gbọdọ̀ tijú láti sọ pé òun kò bẹ́.

Òjò Orí Òkè

Olórí ewu eré yìí ni òjò tí ó rọ̀ sí ibòmíràn. Oòrùn lè máa ràn lẹ́nu ọ̀gbun nígbà tí òjò ń rọ̀ ní orísun odò, omi náà kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju ibi tóóró tí àwọn ènìyàn wà lọ. Àwọn ará Ìbàdàn tí wọ́n rí omíyalé Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 mọ bí odò kékeré ti í di apànìyàn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1999, ìjì òjò rọ̀ sí apá òkè odò Saxetbach, nítòsí Interlaken. Àgbàrá dé bá àwọn tí ó wà nínú ọ̀gbun lójijì, ó sì pa ènìyàn 21: àlejò 18 àti amọ̀nà 3. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ láti Australia. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ilé-ẹjọ́ dá ènìyàn 6 lẹ́bi nínú iléeṣẹ́ tí ó ṣètò ìrìn náà, fún ikú tí àìkíyèsára fà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2014 ni òfin ilẹ̀ Switzerland ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí ó ń gba owó láti mú ènìyàn lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ àti adójútòfò.

Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Bí omi bá pọ́n lójijì, tí ewé àti igi ń bá a bọ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i, àkókò ti ń lọ. Nítorí náà, kí ọ̀gbẹ̀rì tó sanwó, kí ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ǹjẹ́ amọ̀nà ti wo bí ojú ọjọ́ yóò ti rí títí dé orísun odò? Ibo ni wọ́n lè gbà jáde bí omi bá ń kún? Ṣé wọn yóò dá owó padà bí ìrìn kò bá ṣeé ṣe? Èyí tí ó kẹ́yìn ṣe kókó, nítorí pé owó tí a ti san àti ìtìjú lójú ẹgbẹ́ a máa ti ènìyàn sínú omi tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́.

Òǹwòran lè béèrè ohun tí èyí kan olùkọ́. Ẹni tí ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo omi Olúmirin ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà òjò kò ní lò okùn tàbí aṣọ rọ́bà, ṣùgbọ́n amọ̀nà ni òun náà jẹ́. Bí ó bá rí i pé ojú ọ̀run ṣú lókè odò, kí ó kó wọn padà sínú ọkọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń kùn.