Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Ń Gbé Òṣìṣẹ́

Àwa ará Ẹdẹ kì í ṣe àjèjì sí ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀nà irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó gba Ìwó àti Ẹdẹ kọjá, ó sì wọ Òṣogbo ní ọdún 1907. Àwọn àgbà tó wà nínú kíláàsì wa ṣì rántí bí ilẹ̀ ṣe máa ń mì tìtì tó bá ń bọ̀, àti bí àwọn oníṣòwò ṣe ń sùn ti ẹrù iṣu wọn ní sitéṣọ̀n. Bí rélùwéè bá pẹ́, wọn a ní ó ṣáà máa dé.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, gbé ìbéèrè kan wá. Àgbàdo ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, Òyìngbò ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà sọ fún un lórí fóònù pé rélùwéè ni òun ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ìyá ní, "Ẹ gbà mí o, tísà. Ṣé rélùwéè náà ti di dánfó ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, ó ti ń dà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ mọ̀ máa ń ti Èkó lọ dé Kánò nígbà kan. Èyí tí ọmọ yín ń wọ̀ kì í jìnnà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọwọ́ ahunṣọ. Ó ń dúró díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ kí èrò lè tètè bọ́ sílẹ̀, kì í sì í ru iṣu.

Méjì ni irú rẹ̀ tó wà ní Èkó báyìí. Èyí àkọ́kọ́ ni Blue Line, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Iná mànàmáná ló ń lò. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ̀ tí iná ń gbà kọjá. Ẹni tó bá fara kàn án, ikú ló fara kàn. Èkejì ni Red Line, èyí tí ọmọ ìyá ń wọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Kìlómítà 27 ni gígùn rẹ̀, bíi máìlì 17. Sitéṣọ̀n mẹ́jọ ló ní: Àgbàdo, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣín, Yábà, Òyìngbò. Òun àti ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ló jọ ń lo irin kan náà, nítorí náà, wọ́n ní láti máa yà fún ara wọn.

Kí ló wá dé tí òṣìṣẹ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀? Kì í ṣe eré sísá nìkan. Ọkọ̀ ojú irin ní ọ̀nà tirẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò kàn án. Nítorí náà, ó lè dá àkókò kí ó sì pa á mọ́. Ẹni tó mọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò dé mọ ìgbà tí òun yóò jí. Bí kò bá pa àkókò mọ́, a jẹ́ pé irin lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Jàpáànì. Ní ọdún 1872 ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin wọn àkọ́kọ́, láti Tokyo sí Yokohama. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ ni àárín irin méjèèjì, gẹ́lẹ́ bíi ti irin tó gba Ẹdẹ kọjá! Títí di òní, ìwọ̀n yẹn ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń gbé òṣìṣẹ́ wọn ń rìn lé lórí. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Tsukuba Express, tó ń ti ìlú Tsukuba gbé òṣìṣẹ́ wọ Tokyo. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ọkọ̀ wọn kan kúrò ní sitéṣọ̀n ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú àkókò rẹ̀. Kí ènìyàn tó ka ení dé ogún ni o! Iléeṣẹ́ náà jáde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo èrò. Bí ọkọ̀ bá sì pẹ́ níbẹ̀, iléeṣẹ́ rélùwéè a máa fún èrò ní ìwé pélébé kan láti fi han ọ̀gá rẹ̀ pé ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀. Àwa tí a ti lu agogo ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé yẹn wù wá púpọ̀. Ọmọ mélòó ni a ti ní kó kúnlẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó pẹ́!

Ẹ gbọ́ ohun kan tó léwu. Irin lórí irin máa ń yọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò lè dúró lójijì bíi mọ́tò, bí awakọ̀ tilẹ̀ rí ènìyàn níwájú. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọ lu bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó níbi tí títì ti dábùú irin ní PWD, ní apá Ìkẹjà. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Nítorí irú ewu báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ afárá sókè irin ní ọ̀nà Red Line, kí mọ́tò àti ọkọ̀ ojú irin má pàdé mọ́. Orí afárá ni kí ẹ gbà, bó ti wù kí ẹ̀gbẹ́ kejì sún mọ́ tó.

Láti wọ ọkọ̀ náà, káàdì tí wọ́n ń pè ní Cowry ni wọ́n ń lò. Owó ẹyọ ayé àtijọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ náà; ẹni tó sọ ọ́ gbọ́n. Ẹ ó ti fi owó sínú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó fi kan ẹ̀rọ lẹ́nu géètì, géètì á ṣí.

Ẹdẹ wa ńkọ́? Òṣìṣẹ́ púpọ̀ ló ń ti ibí lọ sí Òṣogbo láràárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì àti lórí ọ̀kadà, irin sì nà sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Aregbesola, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó èrò láti Èkó wá sí Òṣogbo lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ọdún. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọdún nìyẹn. Ọkọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá lọ́jọ́ Ajé, kí ó tún wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní àkókò kan náà. Ìwé àkókò tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ni a rò pé ó yẹ kó ṣáájú, kí àwọn ènìyàn lè kà á kí wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní kí a kọ orúkọ sitéṣọ̀n mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sójú pátákó, nítorí pé ó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ láìpẹ́. Ó dà á kọ sínú ìwé rẹ̀. Oṣòdì ló kọ́kọ́ kà láìsí ìrànlọ́wọ́. Múṣín ṣì ń fún un ní wàhálà díẹ̀.