Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀pá Ìwọ̀ fún Ẹja Rọ́bà Ńlá

Ibì kan ṣoṣo ni àwọn Ìwé Ìhìn Rere ti sọ̀rọ̀ fífi ìwọ̀ pẹja: níbi tí Jésù ti rán Pétérù lọ sí etí omi, tí ó sì sọ fún un pé yóò bá owó lẹ́nu ẹja àkọ́kọ́. Ní gbogbo ibi yòókù, àwọ̀n ni. Bákan náà ni ó rí ní agbègbè wa. Àwọn apẹja etí odò Olúwa ní apá Àgbàbú, àwọ̀n àti igèrè ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọ́n bá sì lo ìwọ̀, okùn lásán ni wọ́n ń so ó mọ́. Ọ̀pá ọparun tí àwa fi ń ṣeré nígbà èwe kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń kọ̀wé lé lórí.

Nǹkan ti yí padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ń gbé Texas àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá ìgbàlódé pẹja, wọ́n sì ń fi irinṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nílé. Èyí tí ojú ń tètè rí nínú ẹrù náà ni ẹja rọ́bà ńlá, tó rọ̀ lọ́wọ́, tó tóbi tó ẹpìyà tí a ń dín fún àlejò, tí ìrù rẹ̀ ń jù bí ti ẹja alààyè bí a bá ti ń fà á nínú omi. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ojú wa ni ọ̀kan nínú àwọn òbí ṣe so irú rẹ̀ mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Nígbà tó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pá ṣẹ́ sí méjì, okùn já, ẹja rọ́bà náà pẹ̀lú ìwọ̀ rẹ̀ méjèèjì sì fò kọjá lẹ́bàá etí ọmọ kan tó dúró lẹ́yìn. Orí ló kó ọmọ náà yọ. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ìwé àjọ̀dún wa.

Ohun ìdẹ yìí kò ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1949 ni Nick Creme, ará ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣe ekòló oníke fún ẹja pípa. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní California, níbi tí ìjọba ti ń da ẹja trout sínú adágún kí àwọn ènìyàn lè rí pa, àwọn apẹja ṣàkíyèsí pé ẹja báàsì ńláńlá ń gbé trout náà mì lódindi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹja rọ́bà tó jọ ọ́. Ẹja tó ti dàgbà kì í fẹ́ lé ẹja wẹ́wẹ́ kiri. Oúnjẹ kan tí yóò yó o ló ń wá. Ní adágún Fork ní Texas, ní oṣù kìíní ọdún 1992, wọ́n mú báàsì kan tó wọn ju kílò 8 lọ. Nílé níbí náà, a ní àwọn tó ń gbé ẹja ẹgbẹ́ wọn mì: ẹja eléyín ṣóńṣó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hepsetus odoe nínú àwọn odò ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àti èyí tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin inú omi, nínú odò Ọya.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ni pé ẹja tí wọ́n fẹ́ pa ni wọ́n fi ń yan ọ̀pá. Ìwúwo ẹja rọ́bà ni kí a fi yàn án, nítorí òun ni ọ̀pá yóò máa jù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, yálà ẹja wá tàbí kò wá. Ọ̀pá kì í ju nǹkan bí apá wa ṣe ń ju òkúta. Bí a bá gbé e sẹ́yìn, tí a sì fì í síwájú, ìwúwo tó wà lẹ́nu okùn á tẹ̀ ẹ́. Bí ó ti ń nà padà ni ó ń sọ ẹja rọ́bà náà sọ́nà jíjìn. Bí ìwúwo bá kéré jù, ọ̀pá kò ní tẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, á tẹ̀ kọjá agbára rẹ̀, á sì ṣẹ́.

Wọ́n máa ń kọ òǹkà ìwúwo yìí sára ọ̀pá, díẹ̀ sókè ibi ìdìmú. Ti Amẹ́ríkà sábà ń fi áúnsì kà á, ti Yúróòpù ń fi gíráàmù. Áúnsì 1 sì jẹ́ gíráàmù 28. Ọ̀pá tí ó wọ́pọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í sábà gbà ju gíráàmù 10 sí 30 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹja rọ́bà tó gùn ní íǹṣì 8 lè wọn tó gíráàmù 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ará Ore mọ ohun tó ń jẹ́ ẹrù: kò sí ẹni tó ń di igi gẹdú sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Kí a kọ́kọ́ gbé ẹja rọ́bà, ìwọ̀ àti òjé rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Kí a wá ọ̀pá tí ìwúwo náà bọ́ sí àárín òǹkà rẹ̀, kì í ṣe sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Fún ẹja rọ́bà tó wọn gíráàmù 100, ọ̀pá tí a kọ áúnsì 2 sí 6 sí lára yóò ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́tà H tàbí XH tún máa ń wà níbẹ̀ láti fi agbára ọ̀pá hàn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi lẹ́tà nìkan ra ọjà. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní H tirẹ̀.

Ní ti gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 7 ààbọ̀ sí 8 ni ó dára jù lójú omi gbalasa, pẹ̀lú ìdìmú gígùn tí ọwọ́ méjèèjì lè gbá mú. Létí odò tí ẹ̀ka igi bò, ẹsẹ̀ bàtà 7 ti tó. Kí orí ọ̀pá máa tẹ̀ díẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì le gbagidi. Èyí tó le láti òkè délẹ̀ a máa já ìwọ̀ kúrò lẹ́nu ẹja.

Ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá ṣe kókó ju bí àwọn òǹtajà ti ń sọ ọ́ lọ. Ti kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, kì í sì í tètè mú apá ro, ṣùgbọ́n bí a bá là á mọ́ etí ọkọ̀ lónìí, ó lè ṣẹ́ lọ́la láìròtẹ́lẹ̀. Ti fáíbà wúwo díẹ̀, ó sì ń fara da ìlòkulò, nítorí náà òun ni a yàn fún ọmọdé. Ìdí kejì wà. Kábọ́ọ̀nù ń gbé iná mànàmáná. Ọmọ tó bá gbé ọ̀pá kábọ́ọ̀nù sókè kọjá lábẹ́ wáyà iná tó wálẹ̀, wáyà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mú yẹn. Bí òjò bá ṣú, tí ààrá sì ń sán, kí ọ̀pá kúrò lọ́wọ́, kí onítọ̀hún sì kúrò létí omi. Fáíbà kì í gbé iná bí kábọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n èyí tó bá tutù kò ṣe é fọkàn tán.

Okùn híhun tó lè gbé 65 lb bá irú ọ̀pá yìí mu, tàbí ọ̀rá tó lè gbé 20 sí 25 lb; ẹja eléyín sì ń fẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájú ìwọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ẹ rántí pé ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó fi ọ̀pá pẹja inú odò.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀pá ránṣẹ́ sílé, èyí tó ní apá méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ fi sínú páìpù líle, kí ìwọ̀ sì wà nínú àpótí tirẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, kí ó fi òwú díẹ̀ nu inú gbogbo òrùka tí okùn ń gbà kọjá. Òrùka tí òwú bá há sí ti sán, yóò sì já okùn. Lẹ́yìn náà, kí ó so ìgò tó ní omi mílílítà 100 mọ́ okùn, nítorí omi náà wọn gíráàmù 100, kí ó sì gbé ọ̀pá sókè díẹ̀díẹ̀, kí àwọn ọmọ dúró jìnnà. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ dé ibi ìdìmú nígbà tí a kò tíì jù ú rárá, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹja rọ́bà kékeré.